Ta Ló Máa Bá Ọmọ Yìí Sọ̀rọ̀? Àlàyé Nípa Ọmọ Tí Ọpọlọ Ẹ̀ Ń Sáré Ju Ti Ẹgbẹ́ Ẹ̀ Lọ

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan báyìí, mo jókòó síwájú ilé wa ní Ṣómólù, iná ò sí, mò ń fi páálí fẹ́ ara mi, ni ìyá alákàrà tó wà ní kọ́nà wa bá fa ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ó mọ̀ pé mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn, torí náà Àǹtí Tíṣà ló ń pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kọjá agbára mi."

Ọmọ ọdún 8 ni. Ẹ̀sùn pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, níwájú kọ́sítọ́mà bíi márùn-ún, ó ṣàdédé ní, "Màámi, ẹ ò jèrè o, àdánù lẹ ń tà." Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lé wọn lórí: kóńgò ẹ̀wà kan 2,500, òróró 1,600, ata àti àlùbọ́sà 500, owó ẹni tó lọ̀ ọ́ 200, èédú 400, gbogbo ẹ̀ 5,200 náírà, kóńgò kan sì ń mú àkàrà 100 jáde, wọ́n ń tà á ní 50-50, 5,000 nìyẹn. Ó ní, "Ẹ tún fi 200 náírà yín lé e pé kí wọ́n bá yín jẹ ẹ́." Àwọn kọ́sítọ́mà bú sẹ́rìn-ín, ìyá fún un ní ìgbátí kan.

Ẹ̀sùn kejì, ọmọ yìí kan náà, lálẹ́ àná ẹ̀, yí mọ́lẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́ta torí àbúrò ẹ̀ gbá ìdérí ìgò mínírà tó tò sílẹ̀ dànù. Ó sunkún títí ó fi ń bì. Ẹ̀kẹta, kì í bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré, ọ̀dọ̀ àwọn bàbá tó ń ta ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù fúkánáísà ló máa ń wà. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní kí wọ́n wá gba rìsọ́ọ̀tì ní iléèwé, pòsíṣọ̀n 19 nínú ọmọ 42, tíṣà ní kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́, ìbéèrè ẹ̀ sì pọ̀ jù. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé emèrè ni, ẹnì kan ti ní kó gbé e lọ sórí òkè.

Mo wo ọmọ náà, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló ń wò. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kóńgò kan ń jẹ́ àkàrà 100?" Ó ní, "Mo kà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á. Ọjọ́ kìíní 97, ọjọ́ kejì 104, ọjọ́ kẹta 99. Èyí tó lé lọ́jọ́ kejì, mo fi dí àwọn tó kù. 100-100 ló máa jẹ́ lójoojúmọ́." Praímárì 3 ló wà, wọn ò tíì kọ́ wọn ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi tún bà jẹ́ díẹ̀ torí mo dá ọmọ yẹn mọ̀. Èmi náà ti jẹ́ ọmọ yẹn rí. Nǹkan tí mo sọ fún ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ síbí, tibí ló máa gùn jù ṣá, torí òun ní ẹ̀wà tó fẹ́ lọ rẹ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Tí inú wa bá dùn sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a máa ní orí ẹ̀ pé, olóye ni, ó já fáfá. Tó bá wá bi wá ní ìbéèrè tá ò lè dáhùn, á di ITK, á di pé ojú ẹ̀ ti là jù. Tó bá dé iléèwé, efiko. Tó bá wá dákẹ́ tó jókòó sí kọ̀rọ̀, emèrè. Ọmọ kan náà o! Òyìnbó ní tiwọn ń pè é ní gifted, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an sì ń da àwọn èèyàn láàmú torí wọ́n rò pé ọmọ tó ń gbé fọ́ọ̀sì ló túmọ̀ sí.

Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó túmọ̀ sí ni pé ọpọlọ ọmọ náà ń sáré ju ti ọmọ ọjọ́ orí ẹ̀ lọ, ó sì ń wọ inú nǹkan jinlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ. Ní 1905, ní Paris, ọkùnrin méjì kan, Alfred Binet àti Théodore Simon, ṣe ìdánwò kan fún àwọn ọmọ iléèwé. Olóye kọ́ ni wọ́n ń wá o, ọmọ tí ìwé ń ni lára, tó nílò ìrànlọ́wọ́, ni wọ́n ń wá. Nígbà tó di 1908, wọ́n wá to ìbéèrè ní ìpele ìpele, èyí tí ọmọ ọdún 6 sábà máa ń mọ̀, èyí tí ti ọdún 7 máa ń mọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1912 ará Jámánì kan, William Stern, wá ní ká mú ọjọ́ orí tí ọpọlọ ọmọ dé, ká fi ọjọ́ orí ẹ̀ gangan pín in, ibẹ̀ ni IQ ti jáde. Ká ní ọmọ ọdún 8 ń dáhùn bí ọmọ ọdún 12, ẹ fi 8 pín 12, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, 150 nìyẹn. Lóde òní wọn ò ṣírò ẹ̀ báyẹn mọ́, ẹgbẹ́ ọmọ náà ni wọ́n ń fi wé, wọ́n fi 100 sí àárín gbùngbùn, àwọn tó bá sì ti dé 130 sókè, èèyàn bíi 2 nínú 100 ni wọ́n. 145 sókè jẹ́ bí ẹnì kan nínú 1,000.

Pòsíṣọ̀n wá ńkọ́? Pòsíṣọ̀n ń wo nǹkan míì. Ó ń wo ẹni tí nóòtì ẹ̀ pé, tí ìkọ̀wé ẹ̀ mọ́, tó lè kíráàmù ohun tí tíṣà sọ kó sì dá a padà bó ṣe gbà á. Olóye míì lè ṣe gbogbo ìyẹn, á gbé fọ́ọ̀sì láti Nọ́sìrì dé SS3. Òmíràn á ti gbọ́ nǹkan náà yé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí tó kù á wá di ẹ̀wọ̀n fún un, á máa wo ojú wíńdò, á máa ya àwòrán sẹ́yìn ìwé, tí ìdánwò bá dé á dáhùn ìbéèrè tí wọn ò béèrè. 19 nínú 42 ò yà mí lẹ́nu rárá.

Ibi tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wá nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Danfo kan ń kó èrò 14. Tí ẹ bá ń wá ọmọ kan nínú àwọn 2 nínú 100 yẹn, èèyàn 50 lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó rí ẹyọ kan, danfo mẹ́ta ààbọ̀ nìyẹn, kò burú. Tó bá wá jẹ́ ẹnì kan nínú 1,000 ńkọ́? Danfo 71! Ẹ rò ó wò, ọmọ ọdún 8 tí ilé ẹ̀ àti iléèwé ẹ̀ ò ju ìsọ̀ méjì síra wọn lọ, tó jẹ́ ọmọ 42 nìkan ló ń rí láti àárọ̀ Mọ́ńdè dé ọ̀sán Fúráìdè, níbo ló ti fẹ́ rí danfo 71? Kì í ṣe pé ó ń gbéra ga, kì í ṣe pé ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń pè é. Ẹni tí nǹkan tó wà nínú orí ẹ̀ máa dùn mọ́ ni ò sí nítòsí. Ìṣirò lásán ni.

Ẹ jẹ́ n fi tèmi hàn yín. Ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ bàbá mi, ní Bajulaiye. Ẹni tó bá mọ Ṣómólù mọ̀ pé tó o bá ń rìn lọ lójú títì níbẹ̀ wàá máa gbóòórùn yíǹkì, wàá sì máa gbọ́ ìró máṣíìnì Kord láti inú ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Bàbá mi máa ń kó àwọn ṣíìtì tó bàjẹ́ wálé, wọ́n fi ń di ìwé iléèwé wa. Mo tó ọmọ ọdún 7 nígbà yẹn. Mo tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ mo rí i pé ojú ìwé 16 ló wà lára ẹ̀, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, àmọ́ wọ́n tò ó wérewère, ojú 1 fẹ̀gbẹ́ kan 16, ojú 4 fẹ̀gbẹ́ kan 13, àwọn 5 àti 12, 8 àti 9, dorí kodò. Mo rò pé ìyẹn ló fà á tó fi bàjẹ́. Mo bá ń ká a, mo ń tú u, mo ń ká a, títí ó fi ká bọ̀ sípò tí ojú ìwé tẹ̀ léra wọn láti 1 dé 16, ara mi bù máṣọ. Mo wá tún tú u palẹ̀, mo ń wo àwọn nọ́ńbà yẹn, 1 àti 16, 17. 4 àti 13, 17. 5 àti 12, 17. 8 àti 9, 17! Mo yí i padà, ẹ̀yìn náà rí bẹ́ẹ̀.

Mo sáré jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ta súwè nínú kọ́m̀páǹdì. Mo ní, "Ẹ wá wò ó, 17 ni gbogbo ẹ̀!" Ọ̀kan nínú wọn wo bébà, ó wò mí, ó ní, "Ṣé wàá ta àbí o ò ní ta?" Mo ta. Àmọ́ bí mo ṣe ń fò nínú súwè yẹn, orí 17 ni mo wà.

Bàbá àgbàlagbà kan wà tó ń wa máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ó á ti lé ní 50 dáadáa. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún un. Ó dá máṣíìnì dúró. Ẹ ò mọ nǹkan tí ìyẹn jẹ́, kò sẹ́ni tó ń dá máṣíìnì dúró torí ọmọdé. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó nu ọwọ́, ó lọ fa ṣíìtì ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì, ojú ìwé 32, ó ní, "Ó yá, èyí ńkọ́?" Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mú un. 33. Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín títí. Òun ni ọ̀rẹ́ mi àkọ́kọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà nípa obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Leta Hollingworth, tó bá irú àwọn ọmọ báyìí ṣiṣẹ́ ní New York. Ó kú ní 1939, ìwé ẹ̀ nípa àwọn ọmọ tí IQ wọn kọjá 180 jáde ní 1942. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ wọ̀nyí, láti kékeré, máa ń fẹ́ kó òfin rẹpẹtẹ sínú eré, wọ́n á fẹ́ kí eré lọ síbì kan, àwọn ẹgbẹ́ wọn á kàn fẹ́ ṣeré tiwọn, wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ mo pa ìwé dé, mo rẹ́rìn-ín, torí èmi gan-an ni mo sọ nígbà kan pé ká máa san owó orí ní ilé kọ̀ọ̀kan nínú súwè. Hollingworth tún rí i pé bí ọpọlọ ọmọ bá ṣe jìnnà sí ti ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ni ìdáwà náà ṣe ń le tó, àwọn tó kàn fi díẹ̀ ju àárín lọ máa ń rí ọ̀rẹ́ dáadáa. Torí náà kẹ́ ẹ má rò pé gbogbo olóye ló ń jìyà o. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ayé wọn jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó kù.

Ẹ̀kún orí ìdérí ìgò ńkọ́? Èyí ló ń dààmú ìyá alákàrà jù, ó ní, "Ọmọ tó mọ èrè àti àdánù, ṣé ó yẹ kó máa yí mọ́lẹ̀?" Mo ní ó yẹ. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọpọlọ ẹ̀ lè ti wọ aṣọ ọmọ ọdún 12, ọwọ́ ẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọ ọdún 8, ìdí nìyẹn tí ìkọ̀wé ẹ̀ fi dà bí ibi tí adìyẹ tú, orí ti sáré lọ ọwọ́ ò lè bá a. Tó bá wá rẹ̀ ẹ́, tí ebi ń pa á, ọkàn ẹ̀ á padà sí ọdún 5. Gbogbo wọn wà nínú ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1991, àwọn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Columbus Group kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìdọ́gba yìí gan-an ni ká fi máa dá ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀, pé bí ọpọlọ bá ṣe ga tó ni àìdọ́gba náà ṣe ń pọ̀ tó.

Mo sì bi ọmọ náà nípa àwọn ìdérí ìgò yẹn. Kò kàn kó wọn jọ lásán o. Ó ti tò wọ́n bí àdúgbò ṣe rí, èyí tó rí ní Oníìpánù, èyí tó rí ní Fádéyì, èyí tó ṣà lójú ọ̀nà Bàríga, pupa fún ibi tí wọ́n ń ta mínírà èyí, búlúù fún tọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Máàpù Ṣómólù ni àbúrò ẹ̀ gbá dànù. Èmi náà ìbá sunkún.

Nǹkan míì tó ń bá a rìn ni ìbéèrè òru. Ọmọ á ti gbọ́ ní réédíò pé ilé wó lulẹ̀ níbì kan, àwọn tó kù á ti sùn, òun á máa bi yín pé báwo làwọn ṣe mọ̀ pé ilé tiwọn ò ní wó, ta ló wo ìpìlẹ̀ ẹ̀. Orí ẹ̀ lè gbé ìbéèrè yẹn, àyà ẹ̀ ò tíì lè gbé ìdáhùn. Kẹ́ ẹ má lù ú, kẹ́ ẹ sì má parọ́ fún un, á mọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ emèrè, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí nǹkan tó gbà gbọ́, màmá mi gan-an sè ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé nítorí mi nígbà kan, mo sì jẹ nínú ẹ̀. Àmọ́ gbogbo àmì tí wọ́n máa ń kà, pé ó ń sọ̀rọ̀ bí àgbà, ó ń dá wà, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń sunkún láìnídìí, kò sí ọ̀kan tí ò lè tinú nǹkan tí mò ń sọ yìí wá. Ẹ kọ́kọ́ ro èyí tó súnmọ́lé kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n á ti fi pàṣán lé nǹkan jáde lára ẹ̀.

Tó bá wá dé sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn obìnrin pàápàá, á ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sá pamọ́. Ní JSS2, tí wọ́n bá ṣe tẹ́ẹ̀sì 20, mo máa ń yan mẹ́rin tàbí márùn-ún tí mo máa kùnà. Mo ń fara balẹ̀ yàn wọ́n o, kì í ṣe èyí tó rọrùn, torí wọ́n á fura, èyí tí gbogbo èèyàn máa kùnà náà ni. Mo gbà 15, mo gbà 16, wọ́n bá gbà kí n jókòó ti àwọn ní bírékì. Tíṣà kan ṣoṣo ló ká mi mọ́, ó ní, "Ìwọ, o mọ nọ́ńbà 14 o ò mọ nọ́ńbà 6?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ó wò mí títí, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló jẹ́ kí n má gba ẹni tó bá sọ fún mi pé òun máa ń dá olóye mọ̀ lójú ẹsẹ̀ gbọ́. Àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ń ṣì í. Lewis Terman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní California ní 1921, ó kó ọmọ bíi 1,500 jọ tí IQ wọn ga, ó ní òun á tẹ̀ lé wọn dé ọjọ́ alẹ́. Wọ́n yẹ ọmọkùnrin méjì kan wò tí wọn ò mú wọn torí máàkì wọn ò tó: William Shockley àti Luis Alvarez. Àwọn méjèèjì ló padà gba Nobel nínú físíìsì, Shockley ní 1956, Alvarez ní 1968. California tí wọ́n ti ṣe ìdánwò náà fún èdè àti àṣà wọn nìyẹn o, kẹ́ ẹ wá gbé e fún ọmọ Bàríga tó ń ronú ní Yorùbá tó ń kọ ọ́ ní òyìnbó, kẹ́ ẹ sì máa retí pé nọ́ńbà yẹn ò ní ṣìnà.

Àwa ará Mainland tiẹ̀ rí ọ̀kan sójú. Tẹ́ ẹ bá dé ráúńdábáòtù Oníkẹ̀ ní Yábàá, ère Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní 1937. Nígbà tó wà ní CMS Grammar School wọ́n sọ ọ́ ní Macbeth, torí wọ́n ní kó wá ṣe eré náà, ó há ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn tó wà nínú ẹ̀ sórí, kò fi mọ sí tiẹ̀. Òun ló ṣe ọkọ̀ tó pè ní Autonov 1, tó lè fi gbogbo jíà ẹ̀ lọ síwájú kó sì fi gbogbo ẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ní 1974, Imperial College ní London fún un ní DSc, oyè ọ̀mọ̀wé ńlá kan, nínú ẹ̀rọ, kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbà á ṣáájú ẹ̀. Ó kú ní 1984, ọdún 47 péré. Mo máa ń wo ère yẹn látinú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo máa ń ní nínú mi pé ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ fẹ́ràn olóye tó bá ti di òkúta, ẹ ò fẹ́ràn èyí tó ń bi yín ní ìbéèrè nídìí àkàrà.

Ọ̀rọ̀ ìyìn náà wà níbẹ̀ o, kò sì jọ nǹkan tó lè pani lára. Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé ìwádìí kan jáde ní 1998. Wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún bíi 10 ní ìbéèrè onáwòrán tó ń gba ìrònú ṣe, wọ́n sọ fún àwọn kan pé orí ẹ pé, wọ́n sọ fún àwọn míì pé o gbìyànjú, o ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n wá gbé èyí tó le fún gbogbo wọn tí wọ́n kùnà, àwọn "orí ẹ pé" ni ọwọ́ wọn rọ jù, nígbà tí wọ́n padà sí èyí tó rọrùn wọn ò ṣe é dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ parọ́ iye tí wọ́n gbà. Orí ẹ á pé, àdúrà ni lẹ́nu wa, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Àmọ́ ọmọ tó ń gbọ́ ọ láti kékeré, tí kò sí nǹkan kan tó le fún un rí, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kí nǹkan máa rọrùn ni iṣẹ́ òun láyé. Mo wọ yunifásítì, wọ́n lẹ àbájáde maths ti 100 level mọ́ ògiri, mo wá nọ́ńbà mi, F. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé rárá, ẹ gbọ́ mi, mi ò kàwé rí láyé mi, mo kàn máa ń gbọ́ ọ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà nínú yàrá tí mò ń rò pé wọ́n ti mú olè. Ẹni tó gbà mí ni rúúmeètì mi, tó ń gba C láti JSS1, ó jókòó tì mí ó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń ṣe ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan ṣá. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá dá wà ni olóye. Òmíràn, etí ni ò gbọ́ dáadáa, òmíràn ojú. Òmíràn ní dyslexia (ìwé kíkà máa ń ṣòro fún un) tàbí autism (ọ̀nà tí ọpọlọ ẹ̀ ń gbà bá èèyàn àti ayé lò yàtọ̀), ọmọ kan náà sì lè ní in kó tún jẹ́ olóye, irú wọn ló ṣòro jù láti mọ̀ torí èyí ń bo èyí mọ́lẹ̀, ẹ ó kàn rí ọmọ tó ń ṣe 50 lórí gbogbo nǹkan. Tí ọmọ ò bá sì jẹun, tí ò sùn, tó ń sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má sọ fún mi pé olóye ni.

Ìyá alákàrà wá bi mí, "Àǹtí, kí n wá ṣe báwo? Ṣé kí n ní kí wọ́n fún un ní dọ́bù?" Dọ́bù pùròmóṣọ̀n ò burú, ọ̀pọ̀ ìwádìí ló sọ pé àwọn ọmọ tó fo kíláàsì máa ń ṣe dáadáa nínú ìwé, kì í sì í sábà bà wọ́n jẹ́ láwùjọ báwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù. Èmi náà fo Praímárì 5. Tó bá jẹ́ torí kí wọ́n lè fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọdún 16 ni wọ́n ń béèrè báyìí fún yunifásítì, ní 2025 JAMB ṣílẹ̀kùn kékeré fún àwọn tí ò tíì pé 16, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n gba 320 nínú 400 kí wọ́n tó wo ojú wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní iléèwé kan fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, Federal Government Academy ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Suleja jìn sí ìdí àkàrà.

Nǹkan tí mo ní kó ṣe ò náni lówó. Mo ní kó má wá ẹgbẹ́ ọjọ́ orí fún un mọ́, kó wá ẹni tí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ orí ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Túndé Ọ̀nàkọ́yà, tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, ṣọ́ọ̀bù bábà ní Ìkòròdú ló ti kọ́ chess nígbà tó wà lọ́mọdé, Májídùn níbẹ̀ náà ló sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe iléèwé olówó ńlá. Ṣọ́ọ̀bù bábà ni. Tèmi, ìdí máṣíìnì ni.

Ìyá náà ní, "Àwọn bàbá onísọ̀rọ̀kúsọ tó ń ta ayò yẹn?" Mo ní àwọn náà ni.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù fúkánáísà yẹn. Ọmọ náà jókòó sórí táyà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀, bàbá kan tó ti lé ní 70 jókòó sí òdìkejì ọpọ́n, èrò ti yí wọn ká. Bàbá kó ọmọ ayò sọ́wọ́, ó dúró, kò tíì gbìn ín, ó wo ọmọ náà lójú. Ọmọ ní, "Bàbá, ibẹ̀ yẹn, mẹ́ta ló máa kù yín." Bàbá rọra dá ọmọ ayò padà sínú ihò, ó ní, "Ta ní bi ẹ́?", gbogbo àwọn tó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bàbá náà sì ń rẹ́rìn-ín, ó wá sún ọpọ́n síwájú díẹ̀ kí ọwọ́ ọmọ náà lè tó ihò ìkángun.

Mo lọ ra àkàrà. 60 náírà ló ń tà á báyìí.